Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ìyá ọmọ kí ọmọ tó wọ sùkúù

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń ṣe ní Tanke, n'Ìlọrin, ó ti lé lọ́dún 10, àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá fún mi, ẹlòmíì ò tíì pé oṣù mẹ́rin, ẹlòmíì ti ń lọ sọ́dún márùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le rárá: ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá ń ṣe nǹkan tó ń bà yín lẹ́rù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Gbogbo ọmọ ni kẹ́ ẹ máa béèrè ọ̀rọ̀ kan náà nípa ẹ̀, bó ṣe ń bá èèyàn ṣe àti bí inú ẹ̀ ṣe máa ń rí, lásìkò kan náà, bí gbogbo wọn ṣe ń gba abẹ́rẹ́, àtèyí tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá àtèyí tí ò rẹ́rìn-ín.

Torí kí ni? Torí ọmọ tó ń jágbe, tó ń bu ọmọ ẹlòmíì jẹ, tó ń forí gbálẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa rí i, ìyẹn ò nílò ìwé kankan. Èyí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri látàárọ̀, tó ń yí ọmọrí ìkòkò kiri, tí ò tọrọ nǹkan kan, tí ò sunkún tí ìyá ẹ̀ bá ń lọ, tí ò sì yọ̀ tí ìyá ẹ̀ bá dé, ìyẹn la máa ń yìn. Ọmọ dáadáa ni, kì í yọ èèyàn lẹ́nu! Èmi náà ti yin irú ẹ̀ rí, ọmọ yẹn ti lé lọ́dún mẹ́rin kí ẹnì kan tó ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn, mi ò sì lè sọ pé mi ò rí i, mo rí i lójoojúmọ́, mi ò kàn mọ̀ pé nǹkan ni mò ń wò. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń lo ìwé ìbéèrè fún gbogbo ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àsìkò ná. Abẹ́rẹ́ ìjọba, ọjọ́ tí wọ́n bá bí i, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15. Gbogbo ìgbà yẹn lẹ ti wà níwájú nọ́ọ̀sì, ẹ lè béèrè, òun náà lè béèrè. Lẹ́yìn oṣù 15, ó tán, kò sẹ́ni tó tún máa wo ọmọ àfi tí ibà bá mú un, títí táá fi wọ sùkúù. Àárín ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká wò jù, torí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n máa wo gbogbo ọmọ ní oṣù 18 àti oṣù 24 bóyá ó ní àmì ọ́tísíìmù, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ tí bíbá èèyàn ṣe àti bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ fi máa ń ṣòro fún un, kí wọ́n sì wo bó ṣe ń dàgbà lápapọ̀ ní oṣù 9, 18 àti 30. Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni pé mo so ó mọ́ fítámì Éè, èyí tí wọ́n máa ń kán sọ́mọ lẹ́nu ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà láti oṣù 6 títí dé oṣù 59. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá kán an la máa dáhùn ìbéèrè. Ẹ wá nǹkan tí ẹ̀yin náà máa so ó mọ́, torí tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa rántí, ẹ ò ní rántí.

Ọjọ́ orí ọmọ gbọ́dọ̀ pé pérépéré o. Níbí tí a wà yìí, tẹ́ ẹ bá bi ìyá àgbà pé ọmọ yìí ti tó oṣù mélòó, wọ́n á ní Iléyá tó ń bọ̀ ló máa pé ọdún méjì. Iléyá ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún, tí Iléyá méjì bá fi máa kọjá, bí ọjọ́ 22 ti dín nínú ọdún méjì tí ìwé ń sọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì pọ̀ lára ọmọ tó kéré. Káàdì abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé kí wọ́n tó bí i, ẹ yọ iye ọ̀sẹ̀ tó fi yá kúrò títí táá fi pé ọdún méjì. Ẹni tó fi oṣù méjì ṣáájú, tó pé ọdún kan lónìí, ìbéèrè ọmọ oṣù 10 lẹ máa béèrè nípa ẹ̀.

Kí la wá ń wò? Kì í ṣe pé ó ti ń rìn àbí eyín ti yọ, ìyẹn gbogbo ayé ló ń wò ó. Bó ṣe ń bá èèyàn ṣe là ń wò, àti bí inú ẹ̀ ṣe máa ń rí, ṣé ó ń bínú, ṣé ó ń yọ̀, ṣé ẹ̀rù ń bà á, tí inú ẹ̀ bá sì bàjẹ́ ṣé ó máa ń rọlẹ̀. Ọmọ oṣù méjì sí mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ ó yẹ kó máa rẹ́rìn-ín sí yín, kì í ṣe ẹ̀rín ojú oorun. Tó bá fi di oṣù mẹ́fà ó ti mọ ojú àwọn ará ilé, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Oṣù 9, tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀ ó máa wẹ̀yìn, tí àlejò bá nawọ́ sí i ó máa di mọ́ ìyá ẹ̀, àwọn kan á ní ọmọ yìí ti ń ní ìtìjú jù, ẹ má dá wọn lóhùn, nǹkan tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Ọdún kan, ó ń bá èèyàn ṣeré pàtẹ́wọ́. Oṣù 18, ó ń na ìka sí nǹkan kẹ́ ẹ lè bá a wò ó. Ọdún méjì, tí ọmọ míì bá ń sunkún ó máa dúró wò ó, ojú ẹ̀ á yí padà. Ọdún mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá já a sílẹ̀ ní sùkúù ó lè sunkún, ṣùgbọ́n láàárín bí ìṣẹ́jú 10 ó yẹ kó ti dákẹ́, kó sì máa wọ àárín àwọn tó ń ṣeré. Ọdún mẹ́rin, ó ń ṣe bí ìyá, bí tíṣà, bí ọlọ́kadà. Ọdún márùn-ún, ó mọ̀ pé tí wọ́n bá ń ṣeré, èyí kàn mí, èyí kàn ẹ́.

Ọmọ kan lè pẹ́ díẹ̀ níbi kan, ìyẹn ò ní ká má sùn. Ṣùgbọ́n èyí tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó dákẹ́, tó ti ń juwọ́ sí èèyàn tó jáwọ́, ẹ má ka oṣù fún ìyẹn, lọ́sẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìwé ìbéèrè tó wà, mẹ́ta ni mo máa dárúkọ. Èyí tí mò ń lò jù ni M-CHAT-R, ọ́tísíìmù ló wà fún, ìbéèrè 20, ọmọ oṣù 16 sí 30, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Ìkejì ni SDQ, Robert Goodman ló ṣe é ní 1997, ìbéèrè 25, èyí tó wà fún ọmọ ọdún 2 sí 4 yàtọ̀ sí ti ọdún 4 sókè, òbí lè kọ ọ́, tíṣà náà lè kọ ọ́, ìyẹn ló sì dáa níbẹ̀, torí ọmọ tó jẹ́ ọ̀gá nílé lè máa gbọ̀n ní sùkúù. Ó ń béèrè ti ẹ̀rù àti ìbànújẹ́, ti ìwàkiwà, ti ọmọ tí ò lè jókòó, ti ọ̀rẹ́, ó sì tún ń béèrè ti inúure, pé ṣé ó máa ń fún àwọn ọmọ míì nínú nǹkan ẹ̀. Inúure yìí, wọn kì í rò ó mọ́ máàkì tó kù. Ìkẹta ni ASQ:SE-2, láti oṣù kan títí dé oṣù 72, òun ló bójú tó ọ̀rọ̀ bínú ọmọ ṣe ń rí jù, ṣùgbọ́n títà ni, owó ẹ̀ ò sì bá àpò jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mu.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bí a ṣe ń béèrè. Ìwé yìí, òyìnbó ló kọ ọ́, màmá tó ń dáhùn sì lè jẹ́ ẹni tó ń ta wàrà ní Ọjà Ìpàtà tí ò ka ìwé òyìnbó. Ẹ má yí ohun tó wà nínú ìwé padà, ẹ má fi tiyín kún un, ẹ kàn ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa lẹ́nu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe é níwájú ìyá ọkọ. Mo ti ṣe é rí, nínú agboolé kan lápá Òkè-Lẹ́lẹ̀, màmá ọmọ jókòó, ìyá ọkọ jókòó, gbogbo ohun tí mo bá béèrè ìyá ọkọ á ti dáhùn kí n tó parí ẹ̀, ìyàwó á mi orí. Ọmọ gba máàkì tó dáa. Lọ́jọ́ kejì ìyàwó wá bá mi nìkan ní sùkúù, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè tún ìwé yẹn dáhùn?" Mẹ́fà ló yí padà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ jù ni kẹ́ ẹ bi, kó dá wà. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà lọmọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, òun ni kẹ́ ẹ bi, ṣùgbọ́n kí òun náà dá wà.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún "àbí." "Ó máa ń wojú yín, àbí?" Ta ló máa sọ pé rárá? Èyí tó tún burú jù ni ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ "kì í" bá wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní, "Ṣé kì í dáhùn tẹ́ ẹ bá pè é?" tí màmá sì ní "bẹ́ẹ̀ ni," kí ló sọ? Nínú èdè wa ó ti gbà pé ọmọ kì í dáhùn, ẹlòmíì sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ń dáhùn. Ẹ kúkú ní kó ròyìn. "Tó bá fẹ́ omi, báwo ló ṣe máa ń ṣe?" "Tẹ́ ẹ bá ti ọjà dé, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ wá fúnra yín mú bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nǹkan tí ọmọ ti ṣe lẹ́ẹ̀kan àbí ẹ̀ẹ̀mejì tí kì í sábà ṣe, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, ìwé yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ti orúkọ. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi, Abdulqadir ló wà nínú ìwé, gbogbo wa ń pe Abdulqadir, Abdulqadir, kò wẹ̀yìn, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í jẹ́ orúkọ ẹ̀. Bàbá ẹ̀ àgbà wá mú un nírọ̀lẹ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní "Àkànní!", ọmọ já lọ bí ọfà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ni kẹ́ ẹ pè, oríkì ni àbí ìnagijẹ, ẹ pè é látẹ̀yìn, kó má rí ẹnu yín.

Ti ìka nínà, èyí ṣe pàtàkì gan-an. Kí ọmọ na ọwọ́ pé kẹ́ ẹ gbé bísíkíìtì fún òun, ìyẹn kan wà. Kí lékeléke máa kọjá lókè, kí ọmọ na ìka ìfábẹ̀lá sí i, kó wá yíjú wò yín bóyá ẹ ti rí i, ìyẹn lọ̀tọ̀, torí kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ó fẹ́ kẹ́ ẹ jọ wò ó ni. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nínú ìwé. Ẹ tún béèrè bóyá ọmọ ń lo ọwọ́ òsì, torí nílé wa wọ́n á ti gbá ọwọ́ yẹn lulẹ̀ nígbà púpọ̀, "má fọwọ́ òsì júwe!", títí ọmọ á fi dákẹ́ nínà.

Ti ojú wíwò, àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwa Yorùbá kì í kọ́ ọmọ láti máa wojú àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù 18 ò tíì mọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó tíì kọ́ ọ. Ẹ wò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá ń fi òrí pa á lára, tẹ́ ẹ bá ń fún un lóúnjẹ. Ẹ̀yìn lọmọ wa máa ń wà jù, ìyá tó pọn ọmọ látàárọ̀ lè máà mọ bí ojú ọmọ ṣe ń ṣe, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀.

Ti eré àfiṣe, ìwé máa sọ̀rọ̀ bèbí àti kọ́ọ̀bù òfìfo. Ẹ béèrè bóyá ó máa ń pọn bàtà sẹ́yìn bí ọmọ, bóyá ó ń fi agolo mílíìkì se iyẹ̀pẹ̀ tó sì ní kẹ́ ẹ wá jẹ ẹ́, bóyá ó ń fi rìmóòtù pe Dádì. Kó tẹ́ ẹní sílẹ̀ kó máa foríkanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀, àwòṣe nìyẹn, ìbéèrè tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, òun náà dáa.

Máàkì M-CHAT-R ò nira. Nínú ìbéèrè 20 yẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń gba máàkì kan, àfi ìkejì, ìkarùn-ún àti ìkejìlá tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ló ń gbà á, ẹ sàmì sí mẹ́ta yẹn kẹ́ ẹ má baà ṣìṣe. 0 sí 2, kò séwu, ṣùgbọ́n tí ò bá tíì pé ọdún méjì ẹ tún un ṣe tó bá pé. 3 sí 7, ìbéèrè ìpele kejì wà, ẹ padà sórí àwọn ìbéèrè tó gba máàkì nìkan kẹ́ ẹ béèrè ẹ̀ fínnífínní, tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣì kù níbẹ̀, ẹ rán an lọ sílé ìwòsàn. 8 sókè, ẹ má tún béèrè nǹkan kan mọ́, ẹ rán an lọ. Tẹ́ ẹ bá ti jọ̀ ẹ̀lùbọ́ rí, ó máa yé yín: èyí tó kù sórí kòǹkọ̀sọ̀ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni pàǹtí, òmíì kàn di kókó ni, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ra á á jò lọ. Ìdí tí ìpele kejì fi wà nìyẹn. SDQ ọmọ ọdún 4 sókè tí òbí kọ, 40 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ní 0 sí 13 dáa, 14 sí 16 wà lẹ́nu ààlà, 17 sókè ni ká wò. Ọmọ ìlú òyìnbó ni wọ́n fi wọn ààlà yẹn o, torí náà èmi ò kí ń jà lórí máàkì kan tàbí méjì, tó bá wà lẹ́nu ààlà tí ìyá sì ní ọkàn òun ò balẹ̀, ọkàn ìyá ni mò ń tẹ̀ lé.

Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ara ọmọ ò yá, àbí lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lẹ́nu ọmú, àbí tí màmá ẹ̀ rìnrìn àjò, àbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò ẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Tó bá wá jẹ́ pé ká gbé e lọ ni, etí ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmọ tí ò gbọ́ràn kì í dáhùn, kì í sọ̀rọ̀, kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré, ó jọ ọ́tísíìmù lójú ẹni tí ò mọ̀. Tó bá ní ibà pọ́njú tó le nígbà tí wọ́n bí i, àbí yírùnyírùn mú un rí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó béèrè. Ní Ìlọrin, UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní ẹ̀ka ọmọdé àti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wo ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìwà, Children Specialist Hospital náà wà ní Centre Igboro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀fà, Ọ̀mù-Àrán, Àjàṣẹ́, ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí ni kẹ́ ẹ ti gba lẹ́tà, ẹ má kàn wọ mọ́tò wá lófìfo. Ẹ mú ìwé ìbéèrè dání, kẹ́ ẹ sì ya fídíò ìṣẹ́jú méjì nílé, ọmọ tó ń jágbe nílé lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú dókítà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún màmá ọmọ, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sọ pé ọmọ yín ní ọ́tísíìmù, ìwé ìbéèrè ò lè sọ ìyẹn, tíṣà ò lè sọ ìyẹn. Ohun tí èmi máa ń sọ ni pé, "Ìyá Àlíyà, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ sọ fún mi, mẹ́rin wà níbẹ̀ tó yẹ kí dókítà bá wa wò." Mo máa ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn án. Àwọn kan á sunkún, àwọn kan á ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n á ní àwọn ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Alfa. Mi ò bá wọn jà. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe àdúà náà, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn ní Mọ́ńdè, méjèèjì ò dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n na ọmọ, àbí kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, ìyẹn ni mò ń bá jà.

Ẹ wo ìyá náà o. Ìyá tí inú ẹ̀ ti bàjẹ́ látìgbà tó ti bímọ, tí ò rí oorun sùn, tí ò lè bá ọmọ ṣeré, ọmọ ẹ̀ lè dákẹ́ nítorí ìyẹn nìkan. Ìwé tiẹ̀ náà wà, EPDS, ìbéèrè 10 péré, nọ́ọ̀sì lè bá a ṣe é, èyí tó gbẹ̀yìn ń béèrè bóyá ó ti rò ó láti ṣe ara ẹ̀ léṣe, tó bá sọ ohunkóhun yàtọ̀ sí rárá níbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lọ́jọ́ yẹn.

Kó tó kan ọmọ nílé ìwòsàn ó lè pẹ́. Ẹ má jókòó retí. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ní 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì ò nílò kó jókòó ti fóònù àbí tẹlifíṣàn rárá, ọmọ ọdún 2 sí 4 ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀ kí ojú yín àti ojú ẹ̀ ṣe déédéé, ẹ ki oríkì ẹ̀, ẹ dá oríkì náà dúró lágbedeméjì kẹ́ ẹ wò bóyá ó máa wojú yín pé kẹ́ ẹ máa bá a lọ, tó bá wò, ẹ máa bá a lọ kíákíá.

Gbogbo ẹ̀ ni mò ń kọ sínú ìwé kan, déètì, ọjọ́ orí, máàkì, ẹni tó dáhùn. Déètì tí màá tún béèrè, mo máa ń fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, torí pépà lè sọnù lọ́wọ́ màmá, ṣùgbọ́n káàdì abẹ́rẹ́, abẹ́ àpótí ni wọ́n ń kó o sí.